Ìṣẹ́jú Méjìdínlọ́gọ́rin Tí Ọkàn Muamba Fi Dákẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2012, Tottenham àti Bolton ń wàákò ní White Hart Lane, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ìdíje FA Cup ni, ó sì ti dé ibi tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ló ṣẹ́ kù. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Ó kù díẹ̀ kí ìdajì àkọ́kọ́ eré náà parí nígbà tí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ Bolton ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹni tó gbá a lẹ́sẹ̀, kò sí ẹni tó tì í, bọ́ọ̀lù pàápàá kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, kò sì dìde mọ́. Fabrice Muamba ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 23. Kinshasa ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 11 sì ni nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù láti wá máa gbé.

Rẹfirí Howard Webb dá eré dúró. Kí ọ̀pọ̀ òǹwòran tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn dókítà ti dé orí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ níbi tó ṣubú sí gan-an, lórí koríko. Láàárín èrò ni Andrew Deaner wà, dókítà àgbà nípa ọkàn ní ilé ìwòsàn London Chest. Olólùfẹ́ Tottenham ni; bọ́ọ̀lù ló wá wò, kì í ṣe iṣẹ́ ló bá wá. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àárẹ̀, ó bẹ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá, ó sì sáré wọlé. Wọ́n fi ẹ̀rọ defibrillator, èyí tó ń fi iná ta ọkàn jí, ta á lórí pápá. Wọ́n tún ta á bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, wọ́n sì ta á léraléra nínú áńbúláǹsì. Deaner ló dábàá pé London Chest ni kí ọkọ̀ forí lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn sún mọ́ wọn jù ú lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkàn délẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ sì ṣe ń lọ, wọn kò yé tẹ àyà ọmọ náà.

Ìgbà 15 ni wọ́n fi iná ta ọkàn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 78 ló kọjá kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù fúnra rẹ̀. Nígbà tó jí, Deaner rọra bi í létí pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn pé Fabrice Muamba. Dókítà ní òun gbọ́ pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an. Ọmọkùnrin náà ní òun ń gbìyànjú. Ìdáhùn kékeré yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ kò bá ìṣẹ́jú 78 náà lọ. Ní oṣù Kẹrin ó kúrò ní ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe gbà á nímọ̀ràn.

Ní Peckham níbí, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn èèyàn ń pè ní Èkó kékeré, ọ̀rọ̀ Muamba gba ẹnu gbogbo wa. Ọmọ Áfríkà ni, ọmọ ẹni ni. Àdúrà gbòde kan, nígbà tó sì jí, ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò béèrè irú ọwọ́ tí Ọlọ́run lò, ìdajì ẹ̀rí ló jẹ́. Ọwọ́ èèyàn ló wà ní àyà Muamba láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, iná wà nínú rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò sì sí níbẹ̀ ni ariwo tí àwa máa ń pa nígbà tí èèyàn bá dìgbò lulẹ̀: “Ẹ gbé e! Ẹ gbé e! Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sọ́sibítù!” Tí ọkàn bá ti dákẹ́, ibi tí onítọ̀hún bá ṣubú sí ni ìwòsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó tẹ àyà rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìrètí rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá mọ́tò fún, òkú ni wọ́n máa gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní 1989 mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù ní National Stadium, Súrùlérè, kí wọ́n lè lọ sí World Cup ti 1990 ní Ítálì. Èrò kún pápá náà dẹ́múdẹ́mú. Samuel Okwaraji wà lára àwọn tó ń gbá a fún wa, ọmọ ọdún 25, tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, tó sì tún ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù. Ó ku bí ìṣẹ́jú 13 kí eré náà parí nígbà tó ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Òun kò dìde. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọmọ ọdún 25! Gbogbo Nàìjíríà ló ń wo géńdé tó ń sáré lórí pápá. Nínú àyà rẹ̀, ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ síwájú pápá ìṣeré náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ère, ṣùgbọ́n ère kì í tẹ àyà.

Ní 1995, Amir Angwe ti ẹgbẹ́ Julius Berger ṣubú nígbà tí wọ́n ń bá Maxaquene ti Mozambique gbá ìdíje Cup Winners' Cup ti Áfríkà, òun náà sì kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2020, ó kan Chineme Martins ti Nasarawa United ní Lafia. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé nípa tirẹ̀ ni pé áńbúláǹsì tó wà ní pápá kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọdún 30 ó lé díẹ̀ ló wà láàárín Okwaraji àti Martins. Ó dùn mí gan-an láti kọ gbólóhùn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń pa àrùn méjì pọ̀. Tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ẹran ọkàn bá dí, àyà á máa dun èèyàn, òógùn á bò ó, ṣùgbọ́n á ṣì máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní heart attack. Cardiac arrest tó mú Muamba yàtọ̀. Iná ara tó ń darí lílù ọkàn ló dàrú. Ẹ rántí ẹ̀rọ tó ń fa omi bóhòòlù nílé, nígbà tí iná NEPA bá ń ṣe ségesège: ẹ̀rọ á máa gbọ̀n rìrì, ariwo á wà, ṣùgbọ́n omi kò ní gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ṣe máa ń gbọ̀n tí kò ní tú ẹ̀jẹ̀ kankan sí ọpọlọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá, onítọ̀hún kò mọ ibi tó wà mọ́. Iná tí defibrillator ń ta sí i ń fi agbára dá ìdàrúdàpọ̀ náà dúró, kí ọkàn lè tún ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àyà tí a ń tẹ̀ ní tiwa kì í sábà jí ọkàn fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ọwọ́ gbé ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, kí ọpọlọ má bàa kú kí ẹ̀rọ tó dé.

Kí ló ń mú ọkàn ọmọ ọdún 23 dàrú? Ohun tó fà á pọ̀. Ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù láàárín àwọn eléré ìdárayá ni èyí tí ẹran ọkàn ti ń nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn dókítà ń pè ní hypertrophic cardiomyopathy. Òun ni wọ́n rí lára Marc-Vivien Foé, ọmọ Cameroon tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó ṣubú lójú gbogbo ayé ní Lyon, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2003, ó sì kú lọ́mọ ọdún 28. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 500 ló ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀ láéláé. Ìdílé ni àrùn náà ti máa ń wá. Tí bàbá tàbí ìyá bá ní èyí tó ń tinú ẹ̀jẹ̀ wá, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, ìdajì-ìdajì.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí n kọ ìtàn yìí fún àwa Yorùbá.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe tó jinlẹ̀ ni, ó wúlò nínú ẹjọ́ àti nínú ìṣèlú. Lórí ọ̀rọ̀ ọkàn, ó ti pa ju ọmọ kan lọ nínú ilé kan náà. Ọ̀dọ́ tó ń sáré, tó ń jẹun, tó ń ṣàwàdà, ṣubú, ó kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é: ìyàwó bàbá, arákùnrin tí wọ́n jọ ń ja ìjà ilẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ra Lucozade fún un. Wọ́n á ní ọfà ni, wọ́n á ní àpèta ni. Wọ́n á kọ̀ kí dókítà yẹ òkú wò, wọ́n á ní kí wọ́n má gé ọmọ àwọn. Wọ́n á sin ín kíákíá, ìyá rẹ̀ á sì kó àwọn tó kù lọ sórí òkè àdúrà. Àbúrò tí wọ́n jọ gbé irú ọkàn kan náà wá sáyé á padà sórí pápá ní Sátidé tó tẹ̀lé e.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí dókítà ọkàn bá ń bi ìdílé léèrè. Kì í béèrè pé ta ni ọ̀tá yín. Á bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ti kú lójijì kí ó tó pé ogójì ọdún. Á béèrè bóyá ẹnì kan tó mọ omi wẹ̀ ti kú sómi láìnídìí. Á béèrè bóyá ẹnì kan ti wakọ̀ wọgbó lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, lójú ọ̀sán. Á béèrè bóyá ẹnì kan máa ń dákú nígbà tó bá ń sáré, tàbí nígbà tí ariwo bá ṣàdédé ta. Àwa ti ní ìdáhùn tiwa fún gbogbo wọn: Mámí Wọ́tà ló mú ti inú omi, àwọn ayé ló da ọkọ̀ nù, ẹbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń dákú. Gbogbo àlàyé wọ̀nyí ń bo ojú ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, ìyẹn ọkàn tí ìdílé jọ ní. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbàgbọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a sọ ìtàn ikú ilé wa bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún dókítà, láìfi nǹkan kan pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tí ọ̀dọ́ bá kú lójijì tí wọn kò mọ ohun tó pa á, ọwọ́ coroner, ẹni tí òfin ní kó wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo mọ bó ṣe ń dun òbí pé kí wọ́n fọwọ́ kan òkú ọmọ òun. Síbẹ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè pé kí ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn délẹ̀ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Tooting, tí kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn St George's ní ibùdó kan tí àjọ Cardiac Risk in the Young gbé kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Orúkọ tí wọ́n bá fún àrùn náà ni yóò sọ fún wa bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ tó kù wò.

St George's yìí náà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó yẹ kí gbogbo òbí ọmọ tó ń lépa bọ́ọ̀lù mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sanjay Sharma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù 11,168 tí FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ọkàn wọn wò láàárín 1996 sí 2016. Wọ́n rí àrùn tó lè pa èèyàn lójijì lára 42 nínú wọn. Ìyẹn dára, torí wọ́n tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́jọ tí ọkàn pa lójijì lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò mẹ́fà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ọdún sì ti gorí ọdún lẹ́yìn àyẹ̀wò náà kí ikú tó dé. Àwọn àrùn kan kì í yọjú ní ọmọ ọdún 16. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Muamba náà ti ṣe àyẹ̀wò ọkàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó ṣubú. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ gbà ní kékeré pé ọkàn òun dára kì í ṣe ìwé àṣẹ títí ayé. Tí ọmọ bá ní, “Mọ́mì, àyà mi ń já nígbà tí mo bá ń sáré,” ẹ má sọ fún un pé ebi ló ń pa á. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà ìdílé yín, kí ẹ sì sọ fún GP pé eré ìdárayá ló ń fà á. Ẹni tó bá dákú láàárín eré kò gbọdọ̀ padà sórí pápá títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan tún wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Tí wọ́n bá so wáyà ECG mọ́ àyà eléré ìdárayá tó jẹ́ dúdú, ìlà tó ń jáde nínú ẹ̀rọ lè jọ ti ẹni tó ní àrùn, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le. Ìwádìí láti ọ̀dọ̀ Sharma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà lára ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn eléré ìdárayá dúdú lọ, nígbà tó ṣọ̀wọ́n lára funfun. Láyé àtijọ́, ara funfun ni wọ́n fi díwọ̀n gbogbo èèyàn. Àṣìṣe méjì ló ń tibẹ̀ jáde: kí wọ́n lé ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, tàbí kí wọ́n ní bí ọkàn dúdú ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí àrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ẹni tó ń ka ìlà náà mọ̀ nípa ọkàn àwọn eléré ìdárayá.

Kí la wá ń ṣe tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ búburú fún wa? Nwankwo Kanu gba wúrà Olympic ní Atlanta ní 1996. Inter ti Ítálì rà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní fáàfù ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, wọ́n sì bẹ̀rù pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un. Ẹ fojú inú wo bí ìròyìn yẹn ṣe rí létí ọmọ ọdún 20. Ó lọ sí Cleveland ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n tún fáàfù náà ṣe. Ó padà sórí pápá, ó wá sí Arsenal ní 1999, ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì níbẹ̀, ó sì dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ ní 2000, èyí tó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfríkà lọ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Raphael Dwamena, atamátàsé ọmọ Ghana, gbọ́ irú ìròyìn kan náà. Ní 2017, nítorí ọkàn rẹ̀, Brighton kò rà á mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọkàn, tó sì ń ta á jí, sábẹ́ awọ àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n yọ ọ́, ó sì ń bá bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2023, ó ṣubú lórí pápá ní Albania, ó kú lọ́mọ ọdún 28. Christian Eriksen ti Denmark, tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́ ní Copenhagen ní 2021, ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú àyà rẹ̀ nígbà tó padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún Brentford. N kò fẹ́ dá olóògbé lẹ́jọ́. Ọkàn Dwamena àti ti Kanu kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sọ oògùn nù nítorí ìgbàgbọ́, kí ó ka ìtàn Dwamena lẹ́ẹ̀mejì.

N kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé gbogbo ẹni tí a bá tẹ àyà rẹ̀ ló ń yè. Ugo Ehiogu, tí àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà bí ní Hackney, tó gbá bọ́ọ̀lù fún England, ṣubú ní ibùdó ìgbáradì Tottenham ní oṣù Kẹrin 2017, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn oníṣègùn wà nítòsí. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ẹni ọdún 44. Lápapọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tí ọkàn wọn dákẹ́ lẹ́yìn òde ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ń yè kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ìdí pàtàkì kan ni pé ilé ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí, lójú ìyàwó, lójú ọmọ, láàárín àwọn tí kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Èyí ló gbé mi padà sí Peckham. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ sí Burgess Park, ẹ lọ sí Peckham Rye, ẹ wo àwọn ọmọ wa. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá: pé Friary Estate níbí ni Rio Ferdinand dàgbà sí, pé Camberwell ni wọ́n bí Joe Aribo sí, pé Charlton ni Ademola Lookman ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá náà ń gbá tiwọn, ẹni ogójì ọdún, ẹni àádọ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò lo oògùn rẹ̀ déédéé. Tí ẹnì kan nínú wọn bá ṣubú láìsí ẹni tó kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa pariwo pé wárápá ni, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á máa wá ṣíbí, wọ́n á máa bu omi tútù lé e lórí. Àwọn mìíràn á máa fa ahọ́n rẹ̀. Kò gbé ahọ́n mì. Ó tún lè máa mí hẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń hanrun, kí àwọn tó dúró tì í rò pé ó ń mí. Irú èémí yẹn kì í ṣe èémí. Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká. Tí kò bá dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, ọkàn rẹ̀ ni kí ẹ kà á sí.

Kí ẹnì kan pe 999, kí ó fi fóònù sórí ohùn gbangba. Ẹni tó bá gbé e yóò máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe, yóò sì sọ ibi tí defibrillator tó sún mọ́ yín wà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí àpótí rẹ̀. Kí ẹlòmíràn sáré lọ mú un wá. Ẹ̀yin tó kù, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà, ẹ na apá yín tọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, bí ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó le, ó ń tán èèyàn lókun. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Egungun ìhà lè kán, ẹ má dúró nítorí ìyẹn. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ tí ẹ bá ṣí i, kò sì ní ta ọkàn tí kò nílò rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù. Láti oṣù Kẹsàn-án 2020 ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà nínú ohun tí wọ́n ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní England kọ́ àwọn ọmọ girama, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 14 inú ilé lè mọ̀ ọ́n nígbà tí bàbá àti ìyá kò mọ̀ ọ́n. British Heart Foundation ní RevivR lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú 15 ló ń gbà. Fóònù àti tìmùtìmù ìjókòó ló tó fún un. Cardiac Risk in the Young ní tiwọn ń yẹ ọkàn àwọn tó wà láàárín ọdún 14 sí 35 wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ó kan àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní 2013 ka ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní Southwark nìkan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì wà ní agbègbè wa yìí àti lójú ọ̀nà Old Kent Road. Ní ọjọ́ Sunday, kò sí ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, ọmọdé, arúgbó, ẹni tó gbààwẹ̀, ẹni tó ń jó pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. A ra spíkà, a ra kámẹ́rà, a ra dùùrù tuntun. A lè ra defibrillator kan, kí a sì kọ́ àwọn ọ́ṣà bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì rà á, ẹ má tì í mọ́ ọ́fíìsì pásítọ̀. Ẹ gbé e kọ́ ibi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn lè tó o, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí The Circuit, ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn áńbúláǹsì ń wò, torí pé ẹni tó ń dáhùn 999 kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sídìí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé ó wà.